Kóòṣì Tí Kò Dé Ẹkù Rí

Nígbà tí mo wà ní kékeré níbí ní Ikpinlè, bàbá àgbàlagbà kan wà ní ilé kejì sí tiwa tó ń kọ́ mi ní orin Ẹ̀fẹ̀, orin tí a fi ń yin èèyàn, tí a sì fi ń bú èèyàn, kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jáde. Èmi nìkan ló ń kọ́. Nínú oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀ la ti ń ṣe é: èmi á máa kọrin, òun á máa gbọ́, àwa méjèèjì á máa roko lọ. Ẹ má rò pé ó ń fún mi ní ọ̀rọ̀ o. Bí mo bá bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi fi díẹ̀ kún un, á ní, "Ṣé ẹnu mi ni wọ́n máa wò lọ́jọ́ náà ni?"

Mo gbé orin kan kalẹ̀ nípa obìnrin ahun kan ládùúgbò. Bàbá bi mí pé, "O ti bá a ṣiṣẹ́ rí?" Mo ní rárá. Ló bá ní kí n lọ bá a bó àgbàdo. Àṣà rẹ̀ nìyẹn, o ò gbọdọ̀ kọrin nípa ẹni tí o kò tíì jókòó tì. Mo lọ. Obìnrin náà hahun lóòótọ́, kò tiẹ̀ fún mi lómi mu, àmọ́ mo rí i tó ń ṣa hóró tó bọ́ sílẹ̀, tó ń bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ sọ̀rọ̀. Ohun tó ń bá àgbàdo sọ ni mo fi sórin. Lọ́jọ́ tí mo kọ ọ́, òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Ẹ wá wo ti ìsinsìnyí, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọmọ ọmọ mi obìnrin fẹ́ kọ ìtàn ìyá rẹ̀ tó kú lọ́dún tó kọjá, ìyàwó ọmọ mi, kó lè kà á fún ẹbí lọ́jọ́ ìrántí rẹ̀. Ohun tó dáa ni. Àfi bó ṣe lọ gba kóòṣì kan ní Àjàṣẹ́, ẹni tó ń kọ́ ọ ní ìwé kíkọ lórí fóònù, àwọn méjèèjì nìkan. Ọkùnrin yẹn kò dé ọ̀dọ̀ wa rí. Kò mọ ẹkù, kòtò tí ìyá ọmọ náà ti ń fẹsẹ̀ tẹ ẹyìn, kò mọ bí epo ṣe ń jáde.

Ọjọ́ pé, gbogbo wa jókòó, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ó ní ìyá òun máa ń sùn láìjẹun. Ó ní bàbá òun á mu ọtí sódábì yó, á lu ìyá òun nínú òjò. Irọ́ gbuu! Ọmọ mi tí kì í fi ọtí kan ẹnu. Ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ pé gbogbo ọmọ àdúgbò ló ń jẹun nílé rẹ̀. Ọmọ mi dìde, ó gun alùpùpù rẹ̀, ó lọ. Títí di òní, kò dá ọmọ rẹ̀ lóhùn. Ọ̀rọ̀ náà kó mi nírìíra.

Mo pe ọmọbìnrin náà. Mo ní, "Ta ló rí bàbá rẹ tó ń mutí?"

Ó ní, "Bàbá àgbà, kóòṣì ló fi kún un. Ó ní bí ìyà ò bá sí nínú ìtàn, àwọn òyìnbó ò ní kà á."

Òyìnbó wo ló bá wa jókòó lọ́jọ́ náà? Mo ní, "Ó dáa, fi ti kóòṣì sílẹ̀. Sọ ohun kan fún mi tí ìyá rẹ máa ń ṣe nídìí ẹkù."

Ó ronú. Ó ní, "Ó máa ń sunkún."

Mo ní ti kóòṣì nìyẹn. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Bàbá àgbà, mi ò rí ojú màmá mi mọ́. Èyí tí mo kọ yẹn nìkan ni mò ń rí."

Ayé ti yí o. Láyé tiwa, ẹni tó ń kọ́ ọ á lé ọ jáde pé kó o lọ fi ojú ara rẹ rí i. Ti òde òní á jókòó sí Àjàṣẹ́, á yọ ìyá ọlọ́mọ lọ́kàn ọmọ, á fi ẹlòmíràn sí i, wọ́n á sì tún kí i pé ó ṣeun. Ìríra gbáà ni lójú mi. Mo gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ náà, mo ní kó lọ bá àwọn obìnrin tó bá ìyá rẹ̀ ṣe epo, kó bọ́ bàtà, kó wọ inú ẹkù. Láti àárọ̀ ló ti lọ. Fóònù rẹ̀ nìyí tó ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kóòṣì ló ń pè. Kí ẹnikẹ́ni nínú yín má gbé e.