Ọjọ́ Tí Rahmat Pòórá Lójú Kọ̀ǹpútà

Iṣẹ́ olùkọ́ Faransé ni mo fi ń jẹun nígbà náà ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n Yorùbá ló ń mú inú mi dùn. Láàárọ̀ Sátidé, nínú kíláàsì mi kan náà, mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí síbí ní kíkà àti kíkọ èdè wa. Lójú àwọn òbí kan, ibi tí ọmọ máa jókòó sí ni, kí àwọn fi ráyè lọ ra iṣu ní ọjà Rye Lane.

Láti ìgbà tí Rahmat, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, ti wọ girama ló ti ń wá, òjò ni o, yìnyín ni o. Ohùn Lọ́ńdọ̀nù ló fi ń sọ Yorùbá, ṣùgbọ́n àṣìṣe kì í dójú tì í. Tó bá ṣì í sọ, á ní, "Aunty, ẹ jẹ́ kí n tún un sọ," á sì tún un sọ títí yóò fi gún. Mo fẹ́ràn ọmọ náà gan-an nítorí ìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, òun àti bàbá rẹ̀ wọlé tọ̀ mí wá. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni bàbá rẹ̀, kò tilẹ̀ tíì bọ́ aṣọ iṣẹ́. Yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà ti gba Rahmat wọlé, ṣùgbọ́n wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ ti kọ́ èdè míì yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní girama. Rahmat sì ti pa Faransé tì nítorí sáyẹ́ǹsì.

"Aunty, it's finished," ni ọmọ náà wí. "Wọ́n máa gba place yẹn lọ́wọ́ mi."

"Kí ló parí? Yorùbá tó ò ń kọ́ lọ́dọ̀ mi ńkọ́?"

Bàbá rẹ̀ wò mí bí ẹni pé mo ń ṣàwàdà. "Aunty Bọ́lá, èyí tá à ń sọ nílé? Ṣé wọ́n á ka ìyẹn sí subject ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí o. Mo kọ̀wé sí yunifásítì náà, mo ṣàlàyé ohun tá à ń kọ́. Wọ́n ní àwọn á gbà á tí Rahmat bá lè bá ọ̀jọ̀gbọ́n Yorùbá tiwọn sọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, kó kàwé fún un, kó sì yege. Èmi náà lè jókòó síbẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́dọ̀ lanu.

Nígbà tí ọjọ́ pé, bàbá rẹ̀ dúró síta kíláàsì mi, ó ń ṣàdúà. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà yọ lójú kọ̀ǹpútà, bàbá àgbàlagbà kan ni, ó dé fìlà, ó sì wọ gíláàsì. Bó ṣe ní "Káàsán o" báyìí, Rahmat pòórá. Àga òfìfo àti pátákó ìkọ̀wé nìkan ló kù lójú kọ̀ǹpútà.

"Hẹ̀lóò? Mi ò rí akẹ́kọ̀ọ́ náà mọ́ o. Ṣé íńtánẹ́ẹ̀tì ni?"

Mo rí ibi tó wà, ẹnu sì ń yún mi bí nǹkan míì.

Ohùn kan jáde lẹ́bàá ẹsẹ̀ tábìlì. "Ẹ káàsán, sà. Mo wà níbí, sà. Mo kúnlẹ̀ ni."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ gíláàsì. "Dìde jàre, ọmọ mi, jẹ́ kí n rí ẹ."

Ẹ̀rín yẹn kọ́ ni ìdánwò. Ọ̀jọ̀gbọ́n fi ojú ewé ìwé kan hàn án lójú kọ̀ǹpútà pé kó kà á. Kò pẹ́ tí Rahmat fi ṣi ọ̀rọ̀ kan kà. Ó dúró, ó ní, "Ẹ má bínú, sà, ẹ jẹ́ kí n tún un kà." Ó tún un kà, ó gún régé. Ọ̀jọ̀gbọ́n wá bi í léèrè ohun tó fẹ́ fi èdè náà ṣe.

"Grandma mi ní Ìsẹ́yìn ò gbọ́ English, sà. Mo fẹ́ di dókítà tó máa lè bá irú wọn sọ̀rọ̀, kí wọ́n má máa wá ẹni tó máa túmọ̀ fún wọn."

Bàbá náà dá gíláàsì rẹ̀ padà sójú. "O yege," ó wí. "Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́." Omi bọ́ lójú mi. Nígbà tí a sọ fún bàbá Rahmat, ńṣe ló ń pariwo káàkiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé, "Subject gidi ni o!" Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó mú àbúrò Rahmat wá, bàbá náà fúnra rẹ̀ sì jókòó sẹ́yìn kíláàsì.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìpè fídíò kan wọlé láti Amẹ́ríkà. Mo gbé e, ògiri funfun àti kọ́tìnnì nìkan ni mo rí, kò sí ènìyàn kankan níbẹ̀.

Mi ò bèèrè ohunkóhun. Mo ní, "Dìde, dókítà mi, jẹ́ kí n rí ẹ."