Ilẹ̀kùn Inú Ẹ́ńjìnnì

Ọdún kọkànlélógún rèé tí obìnrin yìí ti ń fọṣọ ní ọsibítù. Aṣọ ibùsùn ni tirẹ̀, èyí tí ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ àti èyí tí oògùn dà sí. Bó bá fà wọ́n jáde nínú ẹ̀rọ ní tútù, wọ́n á wúwo bí òkú ẹran. Àwọn èèyàn a máa sọ pé iṣẹ́ kì í pani, ìṣẹ́ ló ń pani. Ó wù ú kó bá ẹni tó kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ pàdé, kó gbé agbọ̀n aṣọ tútù kan lé e lọ́wọ́. Ìyá Funfun ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù láyé tó ń pè é ní Kékeré, ìyẹn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tí wọ́n jọ mu ọmú kan náà.

Ẹ̀gbọ́n yìí fi ọgbọ̀n ọdún ó lé ṣe mẹkáníìkì. Tó bá gbọ́ ìró ọkọ̀ tó ń kọjá lọ, á ti sọ ohun tó ń ṣe é kí awakọ̀ tó mọ̀. Lọ́dún tó kọjá ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú, tó gba ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ àti ìdajì ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ ò tán nínú rẹ̀ o, wọ́n kàn ṣí kúrò nípò ni. Ó fẹ́ pe omi, á pe bàtà. Ó fẹ́ pe bàtà, á dákẹ́, á máa wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí, ni àbúrò bá kó o wá sílé ara rẹ̀, òun àti ọkọ̀ àtijọ́ tó ń lò. Láti ìgbà náà, bí Kékeré bá ti fọṣọ tán lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì, á lọ gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílé, á tún fi ọkọ̀ gbé e padà sí ọsibítù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀, kí wọ́n lè bá a kọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní rírìn.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, wọ́n ń bọ̀ wálé nígbà tí abẹ́rẹ́ tó ń fi ìgbóná hàn fò sókè, tí èéfín funfun sì bo gíláàsì iwájú. Kékeré yà sẹ́bàá títì, ó pa ọkọ̀.

"Ilẹ̀kùn," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí.

Ó sáré yí ká, ó ṣílẹ̀kùn fún un. "Ó yá, ẹ bọ́ sílẹ̀, Bọ̀ọ̀dá."

Ọkùnrin náà ò mira. "Ilẹ̀kùn. Kò ṣí."

"Ó ti ṣí! Ṣé ẹ ò rí i ni?"

"Kò ṣí!"

Ni Kékeré bá jágbe mọ́ ọn. Lójú títì, níṣojú àwọn tó ń kọjá, ó jágbe mọ́ ẹni tó kọ́ ọ ní ìwé kíkà. "Ó ti rẹ̀ mí, Bọ̀ọ̀dá! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sinmi!" Ọkùnrin náà gbójú sílẹ̀.

Mẹkáníìkì kan tó wà nítòsí wá wo ọkọ̀ náà. Kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ dáadáa tó fi ní orí ẹ́ńjìnnì ni àwọn máa tú, kí wọ́n fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kékeré ní òun á rò ó. Wọ́n dúró kó tutù, wọ́n bu omi sí i, wọ́n rá pálá délé. Ìgbà mẹ́rin ni wọ́n dúró lọ́nà.

Lọ́jọ́ kejì, Kékeré fẹ́ sùn títí oòrùn á fi kanrí, àmọ́ láti ojú fèrèsé ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nídìí ọkọ̀, tó ń fi ọwọ́ òsì nìkan bá bọ́nẹ́ẹ̀tì jìjàkadì. Ó sọ̀ kalẹ̀ láìwọ bàtà, ó bá a gbé e sókè.

Ọkùnrin náà na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́. Kékeré tan ọkọ̀. Nígbà tí abẹ́rẹ́ ti gòkè dáadáa, ẹ̀gbọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó gbé e sún mọ́ ẹ́ńjìnnì. Ooru ibẹ̀ ju ti ààrò lọ. Ó wá gbé ọwọ́ náà lé rọ́bà ńlá tó ń gbé omi lọ sí rédíétọ̀. Ó tutù bí ohun tó sun ìta mọ́jú. Ó fi ìka tọ rọ́bà náà títí dé ibi tó ti wọnú ẹ́ńjìnnì, lábẹ́ ìdérí irin kékeré tí nọ́ọ̀tì méjì dì mú.

"Ilẹ̀kùn," ó wí jẹ́ẹ́. "Kò ṣí."

Ó wá yé Kékeré. Omi gbígbóná há sínú ẹ́ńjìnnì, kò rọ́nà jáde lọ tutù, nítorí ohun tó yẹ kó ṣílẹ̀kùn fún un ti kọ̀. Ó ti gbọ́ orúkọ nǹkan náà lẹ́nu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láìmọye ìgbà.

"Tẹmositáàtì!"

Ọkùnrin náà gbá itan rẹ̀. "Òun!"

"Ṣé ohun tẹ́ ẹ ti ń sọ láti àná nìyẹn, tí mo sì ń pariwo mọ́ yín?"

Ẹ̀gbọ́n wò ó lójú. Gbólóhùn kan wá jáde lẹ́nu rẹ̀ ní odindi, kò sí èyí tó ṣìnà nínú rẹ̀: "Kékeré, ẹnu ẹ nìkan ni ò kéré."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dé.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, ẹ̀gbọ́n ní kó lọ mú "ṣíbí mẹ́wàá" wá. Kékeré ti dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná kó tó rántí pé sípánà onínọ́ḿbà mẹ́wàá ni. Ó da omi rédíétọ̀ sínú bàsíà. Nọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ gbọ́ràn. Ìpata ti mú ìkejì. Ó fà á, ó fà á, sípánà yọ̀, irin sì bó awọ ìka rẹ̀ mẹ́ta.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ló ń sunkún sí. Aṣọ tútù ni, àti búrẹ́dì tó ń jẹ lórí ìdúró lárààárọ̀, àti ọkùnrin àgbà tó ń wẹ̀ bí ọmọ ọwọ́, tójú sì ń ti àwọn méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò sọ pé kó má sunkún. Ó rọra fara balẹ̀ jókòó tì í, ó pẹ́ kó tó délẹ̀, ó sì fi etí ẹ̀wù rẹ̀ nu ìka náà. Lẹ́yìn náà ló ní kó kán epo sórí nọ́ọ̀tì náà. Òun fúnra rẹ̀ fi ọwọ́ òsì mú òòlù, ó ń kàn án lórí, kò-kò-kò, bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn onílé tó ń sùn.

"Dúró," ó wí. Wọ́n dúró. Nígbà tí Kékeré tún gbìyànjú, nọ́ọ̀tì náà kérora, ó sì yí.

Ohun tó jáde kò ju ìdérí ìgò lọ, ó ní sípíríǹgì, ìpata ti jẹ ẹ́ lára. Kékeré gbé e sínú ìkòkò omi lórí iná, láti wò ó bóyá ẹnu rẹ̀ á là. Omi hó yàà, nǹkan náà ò mira.

"Ó ti kú," ni ẹ̀gbọ́n wí.

Kékeré mú òkú náà lọ bá ẹni tó ń ta ohun èlò ọkọ̀, ó ra irú rẹ̀ àti gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun, èyí tí kì í jẹ́ kí omi jò níbẹ̀. Ó se èyí náà wò. Bí omi ṣe ń hó, ẹnu rẹ̀ ń là díẹ̀díẹ̀, ẹ̀gbọ́n sì tẹ̀ síwájú lórí ìkòkò, ó ń wò ó, ó ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Kékeré fi ọ̀bẹ ha gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kúrò, ó ki tẹmositáàtì àti gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun bọ ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi orí pé rárá, ó yí ọwọ́ po: sípíríǹgì ni kó kọjú sí ẹ́ńjìnnì. Kékeré yí i padà, ó da ìdérí irin bò ó, ó dè é, apá kan díẹ̀, apá kejì díẹ̀. Ó bu omi sí rédíétọ̀, ó tan ọkọ̀ láìtíì dé e, afẹ́fẹ́ ń ru jáde bí ìfófòó ọṣẹ, ó ń bu omi kún un títí kò fi ru mọ́. Abẹ́rẹ́ gòkè, ó dé àárín, ó dúró síbẹ̀. Ó fọwọ́ kan rọ́bà náà. Ó gbóná.

Ó ń retí kí inú òun dùn. Yíyán ló dé.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọkọ̀ gbé wọn lọ, ó gbé wọn bọ̀, wọn ò dúró lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí Kékeré pa á níwájú ilé, kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ mira láti bọ́ sílẹ̀.

"Ó rẹ̀ ẹ́?" ni ẹ̀gbọ́n bi í.

"Ó rẹ̀ mí, Bọ̀ọ̀dá."

"Èmi náà."

Wọ́n gbé orí lé àga, oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń wọlé láti ẹ̀gbẹ́. Ibẹ̀ ni oorun ti gbé Kékeré lọ. Òjò ló bẹ̀rẹ̀ sí í kán kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó fọwọ́ kàn án léjìká, tó pe orúkọ rẹ̀.