Ajá Tí Ìyàngbò Ọkà Kò Bá Lára Mu

Nígbà tí n kò tíì dàgbà tó ọmọ tí wọ́n ń di ẹrù igi fún, ajá kì í kọjá ẹnu ọ̀nà ní ilé wa. Ẹ má rò pé a kò fẹ́ràn ajá o. Mùsùlùmí ni wá, ìyá mi kò sì fẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ tó fi ń kírun. Ìta ni ajá ń sùn, ìta ló ti ń jẹun, ìta náà ló ti ń ṣe iṣẹ́ tí gbogbo ilé ń jẹ àǹfààní rẹ̀.

Ṣakí ni ilé wa, ṣùgbọ́n abà bàbá mi wà lọ́nà Ìgbòho, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ lọ rẹrẹ, tí igi irú dúró lọ́kọ̀ọ̀kan láàárín koríko. Bàbá mi ń gbin iṣu, ó ń gbin ẹ̀gúsí, ṣùgbọ́n ọkà bàbà ni olórí oko rẹ̀. Ẹni tí kò bá gbé apá ọ̀dọ̀ wa rí kò lè mọ ohun tí ìjímèrè ń fi ojú àgbẹ̀ ọlọ́kà rí. Ọ̀bọ pupa ni ìjímèrè, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, agbo ni wọ́n sì máa ń kó ara wọn wá. Bí o bá ní kí o lọ mu omi, kí o tó padà, wọ́n ti sọ oko di ahoro.

Ajá wa ni kò jẹ́ kí wọ́n rí tiwa ṣe. Tanímọ̀la ni bàbá mi sọ ọ́. Abo ajá ni, àwọ̀ rẹ̀ dà bí erùpẹ̀ ojú ọ̀nà. Ó ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí akọ ìjímèrè ńlá kan yíjú padà sí àwọn ajá abà, tó la ẹnu, tó fi eyín hàn. Gbogbo ajá yòókù fi ìrù sábẹ́, wọ́n sá padà wá sẹ́sẹ̀ olówó wọn. Tanímọ̀la nìkan ló dúró. Akọ náà fa etí rẹ̀ ya, síbẹ̀ ó lé e títí tó fi gun orí àpáta lọ. Láti ọjọ́ náà, bí bàbá mi bá ti kírun Jímọ́ọ̀ tán tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá ń sọ̀rọ̀ oko, á ní, “Ẹ fi tèmi sílẹ̀ o. Ajá mi ju ọkùnrin lọ lóko.” Èmi ni mo ń fún ajá náà lóúnjẹ, èmi ni mo ń yọ eégbọn lára rẹ̀, nítorí náà bí bàbá mi bá ti ń yin ajá, ó máa ń dà bíi pé èmi ló ń yìn.

Ìgbà ọyẹ́ ni wàhálà dé. A ti kórè èyí tó pọ̀ nínú ọkà, a ti ń fi igi lù ú, àwọn obìnrin ń fẹ́ ẹ, ìyàngbò sì ga ní ẹ̀yìn abà bí òkìtì. Ẹ̀yin náà mọ bí òtútù ọyẹ́ ṣe ń rí ní òwúrọ̀ ní Òkè-Ògùn. Tanímọ̀la a gbẹ́ ihò sínú ìyàngbò náà, a ká ara rẹ̀ jọ, a sùn bí ọmọ tuntun. Kò pẹ́ rárá tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í họra. Ó ń fi ẹsẹ̀ họ abíyá, ó ń fi eyín họ itan, ó ń fi ẹ̀yìn ha ara ògiri. Nǹkan wínníwínní sú jáde lábẹ́ ikùn rẹ̀, ibẹ̀ pọ́n, irun ń re, ó sì di egbò tó ń rùn. Bí ìjímèrè bá dé báyìí, Tanímọ̀la á sáré díẹ̀, á jókòó láàárín eré, á máa họra. Ìjímèrè ń jẹ ọkà tí a kò tíì gé, wọ́n sì ń wò ó.

Nígbà tí a kó padà wá sílé ní Ṣakí, oníkálukú ní oògùn tirẹ̀. Awakọ̀ kan tó jẹ́ aládùúgbò wa gbé ọ́ìlì ọkọ̀ dúdú wá, èyí tí wọ́n ti lò tán nínú ẹ́ńjìnnì, ó ní kò sí ara yíyún tí kì í pa. Oore ló fẹ́ ṣe, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó fi kun ajá náà láti ọrùn dé ìrù. Ṣùgbọ́n ajá kì í ní nǹkan lára kó má lá a. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Tanímọ̀la ti ń bì, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, kò lè dìde. Bàbá mi bọ́ agbádá rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń fi ọṣẹ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ ọ́, á ṣan án, á tún fọ ọ́. Èmi ń bu omi, mo ń sunkún. Ọlọ́run ṣàánú wa, kò kú. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ wá burú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni baálé ilé wa nígbà náà. Ó pe bàbá mi síta lójú gbogbo wa.

“Kúrúnà ni ajá rẹ ní,” ó wí. “Bó bá ti yún ajá tó báyìí, àwọn ọmọdé ló kàn. Kí ọjọ́ ọjà tó pé, n kò fẹ́ rí i nínú agbo ilé yìí mọ́. O lè mú un lọ sígbó, o lè fún àwọn tó ń jẹ ẹ́. Ọwọ́ rẹ ló wà.”

Bàbá mi dọ̀bálẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹran.”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. “Dókítà! Ènìyàn ń ṣàìsàn, kò rí dókítà rí. Ṣé ajá ló wá fẹ́ gba káàdì?”

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. Ní òwúrọ̀ kejì, ó so agbọ̀n mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ó gbé ajá sínú rẹ̀, ó gbé èmi jókòó sórí irin iwájú, nítorí ohùn mi nìkan ni ajá náà ń gbọ́ tí á fi dákẹ́. Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ bá rí bí àwọn ènìyàn ṣe ń jáde wá wò wá! Wọ́n ń pe ara wọn pé kí wọ́n wá wo ajá tó ń gun kẹ̀kẹ́. Bàbá mi kò wo ẹ̀gbẹ́ kan. Ó nàró lórí kẹ̀kẹ́, ó ń dáhùn kíkí wọn bí ẹni tó gbé ìyàwó tuntun sẹ́yìn.

Ọ́fíìsì àwọn dókítà ẹran kò jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù. Àwọn Fúlàní darandaran ló pọ̀ níbẹ̀. Dókítà náà jẹ́ ọkùnrin tí kò tíì dàgbà púpọ̀, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Kò fi ajá wa ṣẹ̀sín. Ó fi abẹ ha ara rẹ̀ díẹ̀, ó fi awò ńlá kan tó ń mú ohun kékeré tóbi wo ohun tó ha. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Kí ni ajá yìí ń jẹ? Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ibo ló ń sùn? Bàbá mi dáhùn èyí tó mọ̀, nígbà tó yá ó na ọwọ́ sí mi.

“Dókítà, ẹ bi ọmọ yìí. Òun ló mọ̀ ọ́n jù mí lọ.”

Mo kúnlẹ̀. Lójú àwọn àgbà ọkùnrin wọ̀nyẹn, ta ni èmi? Ṣùgbọ́n bàbá mi mi orí sí mi, ni mo bá sọ̀rọ̀. Mo ní inú ìyàngbò ló ń sùn. Mo ní kò yún un kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í lu ọkà. Mo ní lọ́dún tó kọjá náà ó họra díẹ̀ ní àsìkò yẹn gan-an, nígbà tí òjò dé ló lọ. Mo ní ajá abà kejì tí wọ́n jọ ń jẹun, tí wọ́n jọ ń ṣeré, kò họra rárá, òun kì í sì í sùn sínú ìyàngbò. Mo tún na apá tèmi jáde, mo ní bí mo bá fẹ́ ọkà, ó máa ń yún èmi náà.

Dókítà yẹn yí àga rẹ̀ padà sí mi. “Ọ̀rọ̀ tí mo ń wá nìyí,” ó ní. Ó wá yíjú sí bàbá mi. “Bàbá, kì í ṣe kúrúnà. N kò rí kòkòrò kúrúnà kankan nínú ohun tí mo ha. Ìyàngbò ọkà ni ara rẹ̀ kò gbà. Ẹlòmíràn á jẹ ẹ̀pà, ara rẹ̀ á sú. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún ajá.”

Ó gún un lábẹ́rẹ́, ó fún wa ní ìpara tí a ó máa fi sí egbò. Ó ní kí a máa fi omi tútù àti ọṣẹ tí kò le wẹ̀ ẹ́, kí a ṣan án dáadáa kí ọṣẹ má kù sí i lára, kí a sì nù ún gbẹ. Ó ní a kò gbọdọ̀ fi ọ́ìlì ọkọ̀ kàn án mọ́, a kò gbọdọ̀ fi oògùn apakòkòrò oko wẹ̀ ẹ́, a kò sì gbọdọ̀ fún un ní oògùn ènìyàn. Ó ní kí ó má sùn sínú ìyàngbò mọ́ láéláé. “Kì í ṣe àìsàn tó ń lọ tí kì í padà,” ó wí fún mi. “Bó bá tún fara kàn án, á tún yún un. Ṣíṣọ́ ni oògùn rẹ̀.”

Bí a ṣe ń bọ̀ wálé, ẹnikẹ́ni tó bá kí wa, bàbá mi á dúró. Á ní, “Ọmọ mi ló wí ohun tó ń ṣe ajá. Ẹ bi dókítà bí ẹ kò bá gbà.” Bí mo ti dàgbà tó yìí, n kò tíì gba oyè kan tó dùn mọ́ mi tó gbólóhùn yẹn.

Bàbá mi wí fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé ohun tó ń ṣe ajá kì í ràn, baálé sì ní òun yóò máa wò ó. Ṣùgbọ́n òtútù kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rọrùn. A padà sí abà, a kó ìyàngbò jìnnà, Tanímọ̀la tún ń rìn lọ bá a. Mo dì í lókùn, ó ń gbọ̀n nínú ọyẹ́, ó ń sunkún. Ìyá mi gbọ́ ẹkún náà ní àárọ̀ kan nígbà tó fẹ́ ṣe àlùwàlá. Ó dúró, ó wò ó títí. Lẹ́yìn tó kírun tán, ó wọlé, ó mú ògbólógbòó ìró rẹ̀ kan jáde, kíjìpá tó nípọn, ó tẹ́ ẹ sí igun ilé ìdáná, níbi tí ààrò ṣì ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́.

“Ilé ìdáná kì í ṣe ibi ìkírun,” ó wí, bí ẹni tí ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó wá kọjú sí mi. “Ṣùgbọ́n bó bá fẹnu kan ìkòkò mi, èmi pẹ̀lú rẹ ni o.”

Kò fẹnu kan ìkòkò kankan. Èmi ni mo ń fọ ìró náà, mo ń sá a sóòrùn, mo ń wẹ ajá náà, mo ń fi ìpara sí egbò rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, pípọ́n náà rọlẹ̀, egbò gbẹ, irun tuntun hù. Ọjọ́ ọjà tí baálé dá ti pé, ó ti kọjá, kò sì tún ní kí a lé ajá náà. Nígbà ìkórè tó tẹ̀ lé e, bàbá mi kó ibi ìlu-ọkà lọ sórí àpáta, sí apá ibi tí afẹ́fẹ́ kì í gbà fẹ́ wá sílé. Yíyún náà yọjú díẹ̀ lábẹ́ itan Tanímọ̀la, mo tètè rí i, mo wẹ̀ ẹ́, ó sì lọ. Ìjímèrè dé lọ́dún náà, wọ́n rí ohun tó rán wọn padà.

Nígbà tí Tanímọ̀la bímọ, ẹ̀gbọ́n bàbá mi fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Kò pe bàbá mi. Èmi ló pè.

“Ìwọ ọmọ yìí, mo fẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ajá yẹn. Ibo ni kí n máa tẹ́ ẹ sí, kí ara má baà yún un?”

Mo kúnlẹ̀, mo wí fún un. Ó fetí sílẹ̀ títí mo fi parí, ó sì ṣe é bí mo ti wí.

Ayé ti yí padà o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ìṣẹ́yìn ni mo relé ọkọ, ibẹ̀ náà ni mo dàgbà sí. Ẹ̀rọ ló ń pa ọkà báyìí, ẹlòmíràn kò sì gbin ọkà bàbà mọ́. Ìjímèrè ti di ohun tí àwọn ọmọ-ọmọ mi ń wò nínú fóònù. Ajá òde òní ń ṣọ́ géètì, orí sìmẹ́ńtì ló ń sùn, búrẹ́dì àti ìndómì ló ń jẹ, ara sì tún ń yún un. Ọlọ́kadà á gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà kí ẹ tó dáná tán, kò sí ẹni tí yóò jáde wá wò ó. Ìyẹn dára, mo dúpẹ́. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ṣì ń sáré lọ bá mẹkáníìkì fún ọ́ìlì dúdú, ọ̀pọ̀ dókítà á sì béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ olówó ajá tí kò mọ ibi tí ajá rẹ̀ ń sùn.

Àwọn tó wà ní àdúgbò wa ti mọ ọ̀nà ilé mi. Bí irun ajá wọn bá ti ń re, wọ́n á mú un wá, èmi á da ìbéèrè bò wọ́n kí n tó ní kí wọ́n máa lọ sọ́dọ̀ dókítà. Mo ti lọ sí Mẹ́kà, wọ́n ń pè mí ní Alhájà. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ àdúgbò, àwọn aláìgbọràn wọ̀nyí, Alájá ni wọ́n ń pè mí, wọ́n á sì sá lọ. Ọmọ mi obìnrin ní kí n máa bá wọn wí. Mo ní kó fi wọ́n sílẹ̀. Orúkọ méjèèjì ni mo ń jẹ́.