Ọjọ́ Tí Ọkọ̀ Ojú Omi Gba Orí Ilẹ̀ Dé Ibi Afárá

Láyé ìgbà tí wọ́n ń fẹ títì márosẹ̀ tó gba Ajah kọjá, tí igbó Ṣàngótẹ̀dó ṣì pọ̀ ju ilé lọ, èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe afárá kan sórí àfonífojì odò tó wà lẹ́yìn títì náà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń wa mọ́tò gba orí rẹ̀ lójoojúmọ́ lè má mọ̀ pé ìjà ló gbé àárín rẹ̀ sókè bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí, mi ò ní bù mọ́ ọn.

Abúlé apẹja kan wà lókè odò náà. Odò yẹn nìkan ni ọ̀nà wọn sí ọ̀sà. Bí ilé-iṣẹ́ tó gba iṣẹ́ ṣe ya àwòrán afárá ọ̀hún, bí òjò bá ti rọ̀ tí omi kún, kò sí ọkọ̀ tí yóò lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ilé-iṣẹ́ náà ní àwọn ti fi odidi ọjọ́ kan ṣọ́ odò, àwọn ò rí ọkọ̀ kan ṣoṣo. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ọjọ́ odò ni wọ́n wá. Ní ọjọ́ kárùn-ún kárùn-ún, ará abúlé kì í gbé ọkọ̀ sómi. Wọ́n ní odò ń sinmi.

Àwa òṣìṣẹ́ gbé irinṣẹ́ sílẹ̀ nítorí wọn. Kì í ṣe pé àánú wa pọ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ. Ẹja wọn là ń jẹ, ilé wọn ni púpọ̀ nínú wa háyà. Mo dúró lẹ́nu géètì, mo ń pariwo pé ẹni tó lọ sọ́jà lọ́jọ́ tí wọn ò ná an, kó má wá sọ pé ìlú ò ní ọjà. Nígbà tó yá, ẹnjinía àgbà pè mí sí ọ́fíìsì. Ó ní àwọn gbà láti tún ọkọ̀ kà, ó sì dá ọjọ́. Mo wo kàlẹ́ńdà ara ògiri, mo rí i pé Tọ́sìdeè ni. Mo fọwọ́ sí ìwé.

Inú mi ń dùn nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Bàbá Múfú, olórí àwọn ọlọ́kọ̀.

"Akọ̀wé, ọjọ́ wo ni wọ́n dá?"

"Tọ́sìdeè tó ń bọ̀, Bàbá."

Wọ́n ka ìka wọn, wọ́n tún un kà. "Ọjọ́ odò mà ni."

Èmi tí mò ń fi ọ̀rọ̀ yẹn pariwo lẹ́nu géètì! Kàlẹ́ńdà kì í ka ọjọ́ odò, èmi náà kò sì bi ẹnikẹ́ni. Mo sáré padà lọ bá ẹnjinía. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Akọ̀wé, ẹ ti sign. Too late." Ó mọ ohun tó ń ṣe. Mo ṣì ń bínú sí ẹ̀rín yẹn di òní.

Àwọn géńdé abúlé ní àwọn yóò gbé ọkọ̀ sómi, kí odò dárí jì wọ́n. Bàbá Múfú ní rárá. "Ká ba ọjọ́ odò jẹ́ ká tó gba odò? Omi la ní kí ọkọ̀ má kàn lọ́jọ́ yẹn. Ta ló ní kó má gba orí ilẹ̀?"

Láàárọ̀ Tọ́sìdeè, wọ́n ru ọkọ̀ lé èjìká, mẹ́rin mẹ́rin, mẹ́fà mẹ́fà, láti abúlé gba inú ẹrẹ̀ dé ibi afárá. Àwọn obìnrin tó ń fi ọkọ̀ kó ẹja lọ sọ́jà gbé àjẹ̀ ìtukọ̀ tẹ̀lé wọn. Wọ́n to ọkọ̀ yí àwọn òpó ká títí katapílà ò fi ní rọ́nà gbà bí wọ́n bá tilẹ̀ gbé e wá. Ọkùnrin tí wọ́n rán wá kà á di ìwé rẹ̀ mú, kò mọ ohun tí yóò kọ.

"Bàbá, ti orí omi ni wọ́n ní ká kà o."

"Ọmọ mi, kọ ohun tójú ẹ rí."

Géńdé kan fi kún un pé, "Oga, abeg, no be your eye you bring come? Kọ ọ́ jàre."

Ó kọ ọ́. Kò pẹ́ púpọ̀, wọ́n tún àwòrán afárá náà yà, wọ́n gbé àárín rẹ̀ sókè. Àwa náà padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n inú bí àwọn àgbà abúlé. Wọ́n ní ọjọ́ ìsinmi odò ti di ọjọ́ ariwo. Nípàdé, wọ́n béèrè ẹni tó bá ilé-iṣẹ́ dá irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ dìde. Bàbá Múfú tẹ itan mi mọ́lẹ̀, wọ́n ní, "Èmi ni mo ní kó gbà á." Ojú ẹsẹ̀ ni àwọn àgbà gba ipò olórí ọlọ́kọ̀ lọ́wọ́ Bàbá. Mi ò dìde mọ́.

Nígbà tí a jáde, mo bi Bàbá Múfú pé kí ló dé tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀.

"Lẹ́tà ṣì kù tá a máa kọ síjọba nítorí èbúté. Bí wọ́n bá lé ẹ ní abúlé, ta ló máa bá wa kọ ọ́?"

Mo kọ àwọn lẹ́tà náà. Èbúté tí ìjọba ṣèlérí kò dé títí di òní. Lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ onílẹ̀ ta irà, wọ́n da iyanrìn sí i, ẹ̀sítéètì gba ẹ̀gbẹ́ odò méjèèjì. Ọkọ̀ tó ń gba abẹ́ afárá ò pọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n èyí tó bá fẹ́ kọjá ń kọjá. Ìṣẹ́gun ni, kò kàn tó bí a ṣe rò ó ni.

Ibi tí wọ́n bá ti pè mí sọ̀rọ̀, wọ́n máa ń yìn mí nítorí ọjọ́ yẹn, mo sì ń gba gbogbo ìyìn náà. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Bàbá Múfú ti kú. Lọ́dún tó kọjá, mo pàdé Sidi, ọmọ wọn obìnrin tó ń gbé ní Thomas Estate báyìí. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Ó ní, "Àǹkúlù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dárí ji bàbá wa. Ọjọ́ tí wọ́n ní kẹ́ ẹ gbà yẹn ló kó gbogbo yín sí wàhálà." Mo ní kó dìde, pé ó ti tán.

Kò tán. Sidi, èmi ni mo fọwọ́ sí i. Bàbá rẹ kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀ títí mo fi dé ẹnu ọ̀nà wọn.