Àmín Tí Àwọn Ìyá Àgbà Ò Ṣe

Ọmọ kéwú ni mí ní Ṣakí nígbà tí mo wà ní kékeré, kò sì sí ọjọ́ tí mo fẹ́ràn tó Jímọ̀, nítorí sàráà Alájì. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, torí láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ara mi kò ti balẹ̀. Bí mo bá jókòó, màá tún dìde, bí adìẹ tó ń wá ibi tí yóò yé sí.

Iyọ̀ àti ìṣáná ni Alájì fi bẹ̀rẹ̀, tó ń fi kẹ̀kẹ́ gbé e lọ sọ́jà Ogbooro àti Àgọ́-Àmọ̀dù, kó tó di ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù tó gbòòrò jù ní àdúgbò wa. Páànù, sìmẹ́ńtì, abọ́, mílíìkì, kí lẹ fẹ́ rà tí ẹ kò ní rí níbẹ̀? Òun ló kan òrùlé ilé kéwú wa, òun ló gbẹ́ kànga tí gbogbo wa ń pọn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ẹnikẹ́ni bá yìn ín, yóò nawọ́ sí àwọn ìyá àgbà: "Àmín àwọn ìyá wọ̀nyí ló gbé ọjà mi dúró." Kò fi ṣe àwàdà rárá. Lọ́jọ́ Jímọ̀, tí wọ́n bá kírun tán, àwọn ìyá àgbà àti àwa ọmọ kéwú á jókòó sí pèpéle ṣọ́ọ̀bù, àáfà á ṣàdúà, a ó ṣe àmín, kí wọ́n tó pín àkàrà. Bí a kò bá tíì ṣe àmín, kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kan oúnjẹ, torí sàráà náà kò tíì gbà.

Nígbà tó yá, ìṣèlú kó sí i lórí. Mọ́tò àwọn olóṣèlú ará Ìbàdàn kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ mọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló ń du ipò, ọmọ Ìyá Tíṣà ló sì ń bá onítọ̀hún dù ú. Ìyá Tíṣà yìí, ọ̀rẹ́ ìyá mi àgbà ni. Wọ́n jọ máa ń jókòó gba sàráà ni.

Ní Jímọ̀ tó ṣáájú ìdìbò, àáfà tí àwọn ará Ìbàdàn mú wá ló ṣàdúà. Ó dé àárín àdúà, ó ní, "Ẹni tó ń bá wa du ipò yìí, kí ìyá tó bí i sunkún rẹ̀!"

Àmín ti dé ẹnu mi. Ìyá mi àgbà kò wojú mi, ó kàn tẹ orúnkún mi mọ́lẹ̀ gidigidi, mo sì gbé e mì. Gbogbo pèpéle pa lọ́lọ́. Àáfà rò pé a kò gbọ́ ni, ó tún un sọ. Ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Àkàrà ń tutù, ebi ń pa mí, mo ń yí ìdí kiri lórí sìmẹ́ńtì. Wọ́n ní ẹnu tó bá jẹ dòdò kò lè sọ òdodo, àmọ́ ẹnu tó ń jẹ àkàrà Alájì ló dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn.

Ìyá mi àgbà ló wá sọ̀rọ̀: "Alájì, ẹ má bínú o. À ń jẹ tiyín, a mọ̀ ọ́n lóore. Ṣùgbọ́n ìyá ẹ̀ ló jókòó yìí. Ta lẹ fẹ́ kó ṣàmín sí i?"

Alájì dìde. Ó wo àwọn àlejò rẹ̀, ó wo Ìyá Tíṣà. Ó wá dọ̀bálẹ̀ tòun ti agbádá funfun: "Ẹ foríjì mí, ìyá. Àáfà, ẹ yí i padà." Àáfà fi ìbínú sọ pé kí Ọlọ́run fi ẹni tó sàn jù sípò. Àmín wa fẹ́rẹ̀ẹ́ ká páànù! Àwọn ará Ìbàdàn kò jẹun kí wọ́n tó lọ, wọn kò sì ra sìmẹ́ńtì iṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ọjà rẹ̀ fà sẹ́yìn, ṣùgbọ́n sàráà kò dá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, olówó kan tó ní ilé ìtajà ńlá ládùúgbò wa pín ìrẹsì fún wa, àwòrán olóṣèlú wà lára àpò. Ó ṣeun, n kò sọ pé kò ṣeun. Wọ́n ṣàdúà, wọ́n sì ṣépè fún ẹgbẹ́ kejì bákan náà. Láyé ọjọ́sí, a máa ń gbọ́ àdúà tán ká tó dáhùn. Nísinsìnyí, àpò ìrẹsì ni kálukú ń wò. Mo ń wojú kiri bóyá màá rí ìyá àgbà kan tí yóò dákẹ́, àfi ìgbà tí mo rántí pé èmi ni ìyá àgbà báyìí. Mo nawọ́ sí orúnkún ọmọ-ọmọ mi. Kí ọwọ́ mi tó débẹ̀, ó ti ṣe àmín.