Òrí Tí Mo Ní Kó Máa Fi Pa Á

Títí dòní, bí òórùn òrí bá kọ lù mí nímú, inú mi á kàn bàjẹ́ ni. Bẹ́ẹ̀, òórùn ilé wa ni. Oníṣẹ́ awọ ni bàbá mi ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, igbá òrí kì í sì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí awọ tí a bá ń fi òrí pa kì í gan, kì í ya bọ̀rọ̀. Inú ẹ̀kọ́ yẹn ni mo dàgbà sí. Mi ò bi ara mi léèrè rí bóyá nǹkan kan wà tí òrí lè bà jẹ́.

Ayé Sáàpù ni, nígbà tí náírà já wálẹ̀, ọjà òkè òkun ti di àwátì. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà nígbà náà, mò ń ṣe eyín àtọwọ́dá. Ọkùnrin kan wá bá mi láti Ọ̀yọ́, òmùwẹ̀ tí ń wọ ìsàlẹ̀ odò tí ìjọba sé fún omi ẹ̀rọ, láti fa koríko kúrò lẹ́nu páìpù. Eyín rẹ̀ lápá òsì ti ká tán, rọ́bà tí wọ́n ń fi eyín dì mú kí wọ́n lè mí lábẹ́ omi kò dúró lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ó ní, “Dókítà, ẹ bá mi ṣe èyí tó bá ẹnu tèmi mu. Mi ò mọ iṣẹ́ mìíràn.” Èmi kì í ṣe dókítà o, ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ mi.

Ike tí a fi ń ṣe erìgì ni mo kọ́kọ́ lò. Ó le jù, kò pẹ́ tó fi sán. Ni mo bá lọ sí Sábó, mo ra rọ́bà rírọ̀ tí àwọn aṣebàtà fi ń ṣe àtẹ́lẹ̀, mo gbẹ́ ẹ, mo fá a, títí tó fi jókòó pẹ́ẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó dì í mú, ó rẹ́rìn-ín. Ó bi mí bóyá yóò pẹ́. Mo fọwọ́ sọ̀yà: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà máa fi òrí pa á lójoojúmọ́.”

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, rọ́bà náà já sí i lẹ́nu nísàlẹ̀ odò. Okùn ni wọ́n fi fà á jáde, ó ti mu omi yó. Kò kú, ṣùgbọ́n ikọ́ ò fi í sílẹ̀ mọ́, wọ́n sì dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́.

Nígbà tí mo lọ kí i, ìyàwó rẹ̀ gbé rọ́bà náà fún mi nínú àkísà. Ó ti wú, ó ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ bí ẹ̀kọ tó kan. Ibi tí wáyà tí mo fi dè é mọ́ ọ̀pá afẹ́fẹ́ bò, tí òrí ò dé, ṣì le dáadáa. Háà! Ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Òrí tó ń tọ́jú awọ ló jẹ rọ́bà náà run.

Kí n tó la ẹnu, ọkùnrin náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí. “Ẹ má bínú, dókítà. Kò sí ọjọ́ kan tí mi ò fi òrí pa á. Ó jọ pé kò pọ̀ tó ni.”

Mo ní, “Àmúwá Ọlọ́run ni.” Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ojú tì mí láti sọ òótọ́, mo wá gbé ẹ̀ṣẹ̀ mi ka Ọlọ́run lórí. Mo ní màá padà lọ sọ fún un. Mi ò lọ. Ohun tó dá mi lójú jù lọ láyé nìkan ni mi ò yẹ̀ wò, ẹlòmíràn ló sì fi àyà rẹ̀ san án. Kí òjò ọdún kejì tó bẹ̀rẹ̀, ó kú. Títí tó fi kú, ó gbà pé òun ni kò pa òrí tó.