Omi Kòkó Tí Kò Kan

Òórùn omi kòkó ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí, bó ṣe ń dùn tó sì ń kan díẹ̀díẹ̀ bó ti ń ro lára hóró kòkó tútù tí a bò sábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní oko bàbá mi ní Atòsìn. Àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba fún alágbádá ni, èmi sì wà ní yunifásítì. Olùkọ́ wa ń wá akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo tí yóò bá a ṣe ìwádìí ní ọlidé gígùn, lórí àwọn kòkòrò tín-ín-tín tó ń mú omi kòkó kan, bóyá a lè fi wọ́n ṣe ọtí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ mú omi tí kòkòrò inú rẹ̀ wà láàyè wá ló ni àyè náà. Mo rẹ́rìn-ín. Ta ni yóò bá ọmọ Ìdànrè du omi kòkó?

Mo gbọn ọ́n sínú ìgò, mo fi òwú dí i lẹ́nu, mo sì gbé e wá sílé wa ní Òdòdé. Mo kìlọ̀ fún tọmọdé tàgbà inú ilé pé kí wọ́n má fọwọ́ kàn án, àfi Yèyé, ìyá bàbá mi. Ta ní í kìlọ̀ fún arúgbó nínú ilé rẹ̀? Mo bá jáde lọ wá ọkọ̀ ìdájí.

Nígbà tí mo padà, mo gbé ìgò náà, mo wọkọ̀ lọ bá olùkọ́ wa. Ó fi awò wo omi náà, ó dúró títí bóyá kòkòrò kankan yóò hù nínú rẹ̀. Nǹkan kan kò hù. Ó bi mí pé, "Ṣé o sè é ni?" Mo búra pé rárá. Ọmọ Èkó kan tó lọ gbọn tirẹ̀ ní oko ẹ̀yìn ọgbà yunifásítì ló gba àyè náà, ẹni tí kò mọ igi kòkó yàtọ̀ sí igi obì!

Tìbínú tìbínú ni mo fi délé. Yèyé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Omi rẹ ti ń hó nínú ìgò nígbà tí o jáde, ó fẹ́ bàjẹ́. Mo bá ọ gbé e kaná, mo sì dà á padà. Ṣé kò kan kí o tó dé ọ̀dọ̀ tíṣà?"

Wọ́n ní adìẹ tó bá da ni lóògùn nù, ẹyin rẹ̀ là ń fọ́. Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ fọ́ lára Yèyé?

"Kò kan, Yèyé."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Inú ṣì máa ń bí mi bí mo bá rántí àyè yẹn. Yèyé ti lọ, firíìjì sì wà nílé mi báyìí, síbẹ̀ n kì í sùn láì gbé ọbẹ̀ kaná.